Ibi Tí A Ń Buwọ́ Lù Nísàlẹ̀ Ìwé Iná

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí lórí fóònù pé ṣé kí ẹ lọ kọ́ṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà ni àbí kí ẹ dúró de yunifásítì, mo ti rí gbogbo ohun tí ẹ kọ. N kò lè dá a lóhùn ní gbólóhùn kan. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ bí iṣẹ́ tèmi ṣe lọ, láti ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù tó kọjá tí mo fi í sílẹ̀. Ẹ má wo ọjọ́ orí mi ṣá. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, àbúrò Tóbi ọmọ mi sì ń mu ọmú lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n mo ti fẹ̀yìn tì nídìí tábìlì. Ojú mi ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń wo ohun tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Dókítà ní bí mo bá tún fi ọdún méjì kún un, kí n má retí pé n óò máa rí ojú àwọn ọmọ mi dáadáa.

Ìtàn náà kì í ṣe tèmi nìkan. Ti Ọ̀gá Mùfú tó kọ́ mi níṣẹ́ ni, ó sì tún jẹ́ ti bàbá kan, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, tó ti kọ́ ọmọ yunifásítì láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Ìwé pélébé kan ló so àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ìwé náà ba ọwọ́ ọ̀gá mi jẹ́, ó ba orúkọ wọn jẹ́, ó sì kù díẹ̀ kó ti ṣọ́ọ̀bù wa pa. Títí di òní, bí mo bá rántí ọjọ́ tí mo mọ ìdí rẹ̀, ẹnu mi á kàn ṣí sílẹ̀ ni.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ kò gùn. Mo jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, kò sí owó yunifásítì, ẹ̀gbọ́n màmá mi mọ Ọ̀gá Mùfú ní Agége, wọ́n mú mi lọ bá wọn ní Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà. Ó parí. Ọmọ onílẹ̀ Agége ni Ọ̀gá Mùfú. Ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ tó láti bọ́ wọn, wọn ì bá jókòó sílé kí wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn inú kọ̀ǹpútà bí àwọn ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù.

Wọ́n le! Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù tí a fi ń yọ́ òjé. Nọ́ọ̀tì ni mo ń ṣà. Wọ́n á tú láptọ́ọ̀pù, wọ́n á da gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú àwo, wọ́n á ní kí n ya àwòrán ìdí rẹ̀ sórí páálí, kí n fi nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan sí ibi tó ti jáde. Bí mo bá parí, wọ́n á tún un dà pọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo fi méjì há ẹnu kí ọwọ́ mi lè ráyè.

"Fúnmi, ṣé dúróà ni ẹnu ẹ?"

"Rárá, sà."

"Bí o bá gbé e mì, èmi ni kí n wá lọ sọ fún ìyá ẹ pé nọ́ọ̀tì oníbàárà wà nínú ọmọ wọn, kí wọ́n jẹ́ ká tú u?"

Kọ́lá tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Odidi ọdún kan ló fi ń pè mí ní Dúróà.

Lára ògiri páálí ṣọ́ọ̀bù wa, ìwé kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Ìwé Iná. Ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀dà ṣe ni, àwọn ibì kan ti dúdú. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìkọ̀wé náà sì rẹwà. Ọmọ yunifásítì kan ló gbàgbé rẹ̀ sínú báàgì kọ̀ǹpútà tó gbé wá fún ọ̀gá tó kọ́ Ọ̀gá Mùfú níṣẹ́. Láti ọ̀dọ̀ wọn ló ti tàn ká gbogbo ìlà wa. Ohun mẹ́ta ló sọ nípa àpótí tó bá ń lo iná ńlá. Èkíní, yọ ọ́ kúrò lára iná. Èkejì, dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí iná tó wà nípamọ́ nínú rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọwọ́ kan ṣoṣo ni kí o fi ṣiṣẹ́, gbé èkejì sẹ́yìn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìlà kan wà tó jẹ́ kìkì àmì kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn bí èèrà. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

A pa òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ bí ẹni pé láti ọ̀run ló ti wá. Bí ẹ bá gba ìlà wa kọjá nígbà náà, ẹ ó rí àwọn ọkùnrin gìrìpá tí wọ́n gbé ọwọ́ kan sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó wá jẹ ẹgba. Ní ti ìṣẹ́jú márùn-ún, Ọ̀gá Mùfú kì í wo aago. Tẹ̀sùbáà ni wọ́n ń fà, ọgọ́rùn-ún lọ́nà mẹ́ta, jẹ́ẹ́jẹ́. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, orin ìsìn ni mo ń kọ, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ègbè.

"Ẹ wá wò ó o," Kọ́lá á pariwo, "mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì nídìí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo!"

Ìlà oní-àmì yẹn ńkọ́? Ibi tí a ń buwọ́ lù ni. Ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti sọ fún wa. Fọ́ọ̀mù báńkì, fọ́ọ̀mù ìjọba ní Aláúsá, ibi tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, orúkọ àti ọwọ́ èèyàn ló ń lọ síbẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá ń gba fíríìdọ́ọ̀mù, ọ̀gá rẹ̀ á fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀, á buwọ́ lù ú níwájú àwọn òbí rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó kàn mí. Mo kọ Fúnmiláyọ̀ gbàgàdà, màmá mi ń sunkún, a sì lẹ ẹ̀dà tèmi mọ́ ara ògiri rọ́pò èyí tó ti dúdú.

"O ti gbà láti pa òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́," Ọ̀gá Mùfú wí. "Bí mo bá gbọ́ pé o rú u, má pè mí lọ́gàá ẹ mọ́."

Mo bá wọn dúró síbẹ̀, a jọ ń ṣiṣẹ́. Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ní ẹ̀yìn gàǹgà bí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ lọ, láptọ́ọ̀pù gba ipò wọn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná dé, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá dé, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí ẹni pé a kò mọ nǹkan kan rí. Ọ̀gá Mùfú kì í tijú láti béèrè lọ́wọ́ ọmọdé. Wọ́n kọ́ ọmọ iṣẹ́ tó ju ogún lọ, gbogbo wọn ló buwọ́ lu Ìwé Iná.

Oyún Tóbi ti pé oṣù méje nínú mi nígbà tí ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú gbé UPS wọn wá, àpótí ràgàjì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ. Ojú mi ló ṣe. Ọ̀gá Mùfú yọ wáyà rẹ̀, wọ́n yọ bátìrì rẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n fa tẹ̀sùbáà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sẹ́yìn. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sínú àpótí.

Gbàù!

Ìró náà mú ọmọ inú mi fò. Ọ̀gá Mùfú ti wà lára pẹpẹ lẹ́yìn, ojú wọn là sílẹ̀, òórùn ẹran jíjó gba ṣọ́ọ̀bù. Mo lọgun, Kọ́lá sáré wọlé, òun ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Wọn kò kú. Àmọ́ àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀lé e ní ọwọ́ ọ̀tún kò mọ nǹkan kan mọ́, bóyá gbígbóná ni o, bóyá tútù. Ọwọ́ tó ń gbé ohun tó kéré bí ẹyọ iyọ̀ kò lè de bọ́tìnnì mọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ lórí bẹ́ẹ̀dì ni pé, "Mo kánjú."

"Ọ̀gá, ẹ kà á tán. Mo rí yín."

"Ó ní láti jẹ́ pé mo fò níbì kan, Fúnmi. Òfin náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo rú u."

Gbogbo ayé gbà bẹ́ẹ̀. Ìyàwó wọn sọ ọ́, àwọn tó wà ní ìlà wa sọ ọ́: Mùfú tó ń fi òfin mẹ́ta pá gbogbo èèyàn láyà, òun fúnra rẹ̀ kò lè dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì tó wà lọ́wọ́ wọn kó ẹrù wọn lọ bá ọ̀gá mìíràn. Láti ìgbà náà, Ọ̀gá Mùfú kò gba ọmọ iṣẹ́ mọ́. Wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n á máa sọ ohun tí ọwọ́ wọn ì bá ṣe, èmi á máa fi ọwọ́ tèmi ṣe é. Ọdún mẹ́rin la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni a gbọ́ pé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà fẹ́ mú àbá kan lọ bá ìjọba. Àbá náà ni pé ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì kò gbọdọ̀ ṣí ohunkóhun tó ń lo iná ńlá mọ́. Ìyẹn ju ìdajì iṣẹ́ wa lọ. Ẹ̀rí tí wọ́n sì mú wá ni alátùn-únṣe kan tí kò kàwé, tí iná ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Wọn kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀? Ọ̀gá Mùfú náà gbọ́ ọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni alága ìgbìmọ̀ tó kọ àbá náà. Wọ́n ní kí n má fi orúkọ àwọn síbí. Èkìtì ni wọ́n ti wá. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo yunifásítì wọn, ó sì gba odidi yàrá. Wọ́n sọ fún mi pé bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ni àwọn máa ń fi ṣọ́ọ̀kì yà sórí bọ́ọ̀dù, kí ọmọ ọgọ́rùn-ún máa tẹ tábìlì bí ẹni ń tẹ dùùrù. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí báńkì kó dànù dá yàrá ìwádìí sílẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn tó ń kọ́ èèyàn báyìí. Wọ́n kọ ìdánwò tí gbogbo onímọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yege kí ẹgbẹ́ tó gbà á. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ó sì wù wọ́n kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ṣọ́ọ̀bù wa kí wọ́n tó fọwọ́ sí àbá náà.

Àwọn nìkan ló wá, nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀, wọ́n wọ bùbá àti ṣòkòtò, báàgì kékeré lọ́wọ́. A kí wọn. Wọ́n ń wo tábìlì, wọ́n ń wo mítà tí a fi ń wọn iná, wọ́n ń mi orí. Ojú wọn bá dé ara ògiri.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"A ò mọ̀ ọ́n, sà," mo wí. "A bá a níbẹ̀ ni. Ìwé Iná la ń pè é."

Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. "Ìkọ̀wé mi nìyí."

"Tiyín bí ti báwo, bàbá?" Kọ́lá bi wọ́n láti ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni mo kọ ọ́. Fún àwọn ọmọ kíláàsì mi."

Ha! Ẹ ò rí ariwo tí mo pa. Mo fò mọ́ Ọ̀gá Mùfú: "Ọ̀gá, Bàbá tó kọ Ìwé Iná rèé o!" Kọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí wọ́n gbé àga tó ní ìrọ̀rí wá. Àwọn tó wà ní ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá, wọ́n ń fi fóònù yà wọ́n ní fọ́tò. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ìka wọn wà lórí ìlà tó wà nísàlẹ̀.

"Ta ni Fúnmiláyọ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló dé tí o kọ orúkọ rẹ síbí?"

"Ibi tí a ń buwọ́ lù ni, sà. Gbogbo wa la buwọ́ lù ú."

Wọ́n wá ibi tí wọ́n máa jókòó sí, wọn kò tilẹ̀ wo àga onírọ̀rí, orí páálí kọ̀ǹpútà ni wọ́n jókòó sí. "Kì í ṣe ibi ìbuwọ́lù," wọ́n wí. "Òfin kẹrin ló yẹ kó wà níbẹ̀."

Wọ́n wá ṣàlàyé. Nígbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í wá sí kíláàsì. Bí wọ́n bá ti rí ìwé tí olùkọ́ kọ, wọ́n á ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n á sùn sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọ̀jọ̀gbọ́n bá dọ́gbọ́n sí i. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ, wọn kò ní kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n á fi ìlà sílẹ̀, ẹni tó bá wá sí kíláàsì á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí i.

"Mo rò pé ìdánwò ni ẹni tí kò bá wá máa fi pàdánù," wọ́n wí. "N kò ronú pé ìwé náà lè rìn dé ibi tí kò ti sí kíláàsì."

"Kí ni òfin kẹrin, sà?"

"Pé kí o má ṣe gbà pé iná ti lọ nítorí pé o dúró. Fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí ó bá kù, tú u dànù ná, kí o tó fọwọ́ kàn án. Àwọn àpótí mìíràn lè gbé iná pamọ́ fún wákàtí gbáko."

Mítà wà lórí tábìlì wa! Ojoojúmọ́ là ń lò ó. Mo wo ọwọ́ Ọ̀gá Mùfú. Ọ̀gá Mùfú náà ń wo ọwọ́ wọn bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ọ̀gá mi dìde, wọ́n gba àárín àwọn èèyàn kọjá, wọ́n lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún yín, ó wù mí kí n bú bàbá yẹn. Mo ní, "Sà, ọwọ́ èèyàn ló bá a lọ o. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń pè é ní oníwàdùwàdù."

"Ṣé òun ni alátùn-únṣe tó wà nínú àbá wa?"

"Òun ni."

Wọ́n bo ojú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé. Bẹ̀ ẹ́ kó wá."

Ọ̀gá Mùfú ní àwọn kò lọ. Mo lọ ní tèmi, mo pọn àbúrò Tóbi. Gbọ̀ngàn kan ní Aláúsá ni, ó kún fún kóòtù àti táì. Ìgbà tí mo wo ẹ̀yìn, Ọ̀gá Mùfú ló dúró ti ilẹ̀kùn yẹn, nínú jalábíà funfun tí wọ́n ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀, ọwọ́ ọ̀tún nínú àpò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé àwòrán Ìwé Iná sára ògiri, ó tóbi gbàgàdà, pẹ̀lú orúkọ mi nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, "Gbogbo ẹ̀yin tí mo kọ́ ní yunifásítì, ẹ dìde." Ó tó ogójì èèyàn tó dìde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ kọ ohun tó yẹ kó wà lórí ìlà yìí sórí ìwé, kí ẹ gbé e wá fún mi."

Ẹ̀rín náà tán. Wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n gba àwọn ìwé náà, wọ́n ń ka ìkọ̀ọ̀kan sókè. Òfìfo. Òfìfo. Ẹnì kan kọ "orúkọ àti déètì". Ẹlòmíràn, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ti ń ṣe ọ̀gá níléeṣẹ́ ńlá, kọ "ibi tí olùkọ́ ń buwọ́ lù". Nínú gbogbo wọn, mẹ́fà ló mọ̀ ọ́n.

Mo gbá àyà mi mú. Àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí náà rèé o!

"Prọ́ọ̀fù, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó," ẹnì kan láti iwájú wí, "ẹ̀ ń ba orúkọ ara yín jẹ́."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ n bà á jẹ́ tán."

Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, ọgbọ́n tí wọ́n dá àti ohun tó dá sílẹ̀. Wọ́n fa àbá náà padà, wọ́n kúrò nípò alága. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣí àpótí iná, ó kàwé o, kò kàwé o, ìdí tábìlì ni kí wọ́n ti dán an wò, àwọn fúnra wọn ló sì máa kọ́kọ́ ṣe ìdánwò náà. Inú àwọn kan kò dùn. Àwọn kan jáde. Ṣùgbọ́n àbá náà kú síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, a lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, èmi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n, a ń kọ òfin kẹrin sórí ìlà gbogbo Ìwé Iná tí a bá rí, lédè Yorùbá. A rí àwọn tó ti dé Ṣàgámù. Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn kí n tó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbọ́ tèmi: ẹ lọ síbi tí wọ́n bá ti máa kọ́ yín, yunifásítì ni o, ṣọ́ọ̀bù ni o, ṣùgbọ́n ẹ máa bi ọ̀gá yín léèrè ohun tí kò sọ. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi wo ìlà yẹn, n kò béèrè rí.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níta gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìpàdé. Ọ̀gá Mùfú ti dé ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí, wọ́n fẹ́ máa lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n sáré tẹ̀lé wọn, bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún! Nígbà tí wọ́n bá wọn, wọ́n gbé báàgì wọn sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú láti ìbàdí. Mo lérò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Ha, wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀! Fún ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ!

"Áà, Bàbá, rárá o!" Ọ̀gá Mùfú lọgun, wọ́n sì ju ara wọn sílẹ̀ gbì kí bàbá náà tó dé ilẹ̀. Àwọn méjèèjì bá wà lórí ọ̀dà, jalábíà funfun àti bùbá olówó ńlá, orí kọ orí.

"Ẹ dìde, sà, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Ìwọ kọ́kọ́ dìde ná."

"N kò lè dìde kí ẹ tó dìde, sà."

Ọmọ wà lẹ́yìn mi, n kò lè bẹ̀rẹ̀ gbé ẹnikẹ́ni. Mo kàn dúró lé wọn lórí, mo ń sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín.

"Mùfú," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí láti ilẹ̀, "o ò kánjú. O dúró bí mo ṣe ní kí o dúró. Èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà."

Ọ̀gá Mùfú jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ òsì wá fóònù nínú àpò jalábíà, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e sí ibi tí gbogbo wa lè gbọ́. Ìyàwó wọn gbé e.

"Ìyá Ṣùkúrà, dúró, má tíì sọ̀rọ̀." Wọ́n na fóònù sí iwájú bàbá náà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ tún un sọ fún un."